Kókó Kan Lójú Okùn Àáró

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi pa ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá yẹn ná. Etí mi kì í gba ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó. Ẹni tó wọ bàtà rọ́bà, kó má wulẹ̀ bọ́ ọ, n kò ní pẹ́. Bí àgbàlagbà bá sì ní òun kò ní pẹ́, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ yín pè mí síbí pé kí n wá sọ bí àwa ṣe kọ́ iṣẹ́ oko nígbà tí kò tíì sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ bí irú èyí. Mo sọ èyí tó dùn níbẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, Ràlíátù, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, nawọ́ sókè. Ó ní, "Bàbá, àáró tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn, oko ta ló kàn?"

Mo ní mo ti gbàgbé.

Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn láyé mi ni ti rédíò abúlé. Mo ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí ẹnu àgbẹ̀ tó pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ, mo sì mọ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí nígbà tó bá ní òun ti gbàgbé ohun tí kò gbàgbé. Ojú yẹn gan-an ni mo gbé fún ọmọ náà. Ìdí nìyí tí mo fi padà wá lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí.

Oko Ìdòwú ló kàn. Ìdòwú ará Odòmẹ́ta. Mo jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kan, igba ebè, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú bí kóró iṣin. Títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, n kò tíì kọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ bí gbèsè náà ṣe wúwo tó, ẹ ní láti mọ ohun tí àáró jẹ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ilé tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀. Àdúgbò á wá, wọn á ṣiṣẹ́, wọn á jẹun, wọn á lọ, ó parí. Ti ẹgbẹ́ ni àáró. Ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin, tí apá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ló ń ṣe é. Lónìí gbogbo wa wà lóko rẹ, lọ́la a wà lóko mi, lọ́túnla a wà lóko ẹnìkẹta. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ọ lónìí, o jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan. A kì í fi owó san án, a kì í fi oúnjẹ san án. Apá la yá, apá la fi ń san.

Ní tiwa, okùn la fi ń mọ iye rẹ̀. Olúkúlùkù ní okùn ọ̀gbọ̀ kan tó so kọ́ abẹ́ òrùlé. Bí o bá ti oko mi dé ní ìrọ̀lẹ́, o ta kókó kan sí okùn rẹ. Lọ́jọ́ tí mo bá wá ṣiṣẹ́ lóko rẹ, kí n tó padà sílé, ìwọ á sọ okùn náà kalẹ̀, o máa tú kókó yẹn lójú mi. Okùn tí kò ní kókó, ẹgbẹ́ tó wà ní àlàáfíà ni. Ẹni tí kókó pọ̀ lójú okùn rẹ̀ kì í sì í pariwo. Ó kàn máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí o bá wá kí i.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é. Èmi, ọmọ inú Kétu níbí. Bùràímọ̀, tí ilé bàbá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Kòjó ti Kpankú, tó jẹ́ Fọ̀n, ṣùgbọ́n tó lè fi èdè Nàgó wa bú ènìyàn ju bí ìyá wa ṣe ń bú wa lọ. Àti Ìdòwú. Oko àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́nà Odòmẹ́ta, ọ̀kan kò jìnnà sí èkejì.

Ẹ̀yin níbí, olùkọ́ yín á kọ ọ́ sójú pátákó: èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, èyí ló tẹ̀lé e. N kò ní kò dára. Ní tiwa, ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ ni à ń fi sí àárín. Ìdòwú ló mọ ebè kọ jù nínú wa, Kòjó ló tẹ̀lé e. Èmi ni wọ́n fi sí àárín àwọn méjèèjì. Bí o bá wà láàárín ẹni méjì tó yára, o kò ní ráyè ronú. Ara rẹ á ti kọ́ ohun tí orí rẹ kò tíì mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ọ pé ṣe báyìí, ṣe bọ́hùn-ún. Ọkọ́ wọn ni wàá máa gbọ́. Bí ọkọ́ mẹ́rin bá balẹ̀ pọ̀, gbì, ohùn kan ṣoṣo ni. Bí tìrẹ bá pẹ́, òun nìkan ni yóò dún lẹ́yìn, gbogbo oko á sì gbọ́.

"Ta ló ń gún iyán níbẹ̀ yẹn?" Kòjó á béèrè láìgbójú sókè.

"Ìyàwó wa ni," Bùràímọ̀ á dáhùn. "Ó ní ọbẹ̀ kò tíì jinná."

Lójoojúmọ́ ni. Ẹ̀fẹ̀ kan náà, ìdáhùn kan náà, a ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí.

Bí mo bá kọ ebè tí kò dára, wọn kì í bá mi tún un kọ. Ìdòwú á kàn wò ó, á ní, "Iṣu á bá ọ sọ ọ́." Ọ̀rọ̀ parí. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí a wa ebè yẹn, iṣu inú rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí ìka ẹsẹ̀. Ìdòwú dì í sínú ewé, ó gbé e fún ìyá mi. Ó ní, "Ẹ gbà, Ìyá, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín nìyí." Ìyá mi sè é, ó gbé e síwájú mi. Ẹ̀yin, wọn á fún yín ní ìwé ẹ̀rí lópin ẹ̀kọ́ yín. Iṣu yẹn ni ìwé ẹ̀rí tèmi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mo tún rántí oṣù ààwẹ̀ kan. A ní kí Bùràímọ̀ sinmi, kí a máa bá iṣẹ́ lọ, òun á san tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ó kọ̀. Ó ní Ọlọ́run tó ní kí òun gbààwẹ̀ kò ní kí òun jẹ gbèsè. Oòrùn ọjọ́ náà mú. Kòjó á gbé kèrègbè sẹ́nu, á mu ún gbùgbù, á wá fajú ro, á tutọ́ sílẹ̀. "Omi yìí mà kúkú burú o. Ó ń rùn. Bùràímọ̀, ìwọ lo gbọ́n." Omi tó tutù bí yìnyín ni. Ó ń purọ́ kí ó má baà wu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Irú ènìyàn tí Kòjó jẹ́ nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ bi mí nígbà kan pé báwo ni Fọ̀n ṣe wọ inú àáró wa. Ọ̀rọ̀ omi kèrègbè yẹn ni mo fi dá wọn lóhùn.

Àwọn obìnrin náà ní tiwọn. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, wà nínú ẹgbẹ́ tó ń bó gbágùúdá. Lónìí wọ́n pagbo sí àgbàlá wa, lọ́la wọ́n wà ní ti ẹlòmíràn. Èèpo á ga títí yóò fi bo orúnkún wọn. Bí ọkùnrin bá ń kọjá, wọn á dákẹ́, bó bá kọjá tán, ẹ̀rín á bú jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ṣe kọ́ ọ, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, etí sílẹ̀. Níbí yìí, iṣẹ́ yín mọ́ ju tiwọn lọ. Ẹ de àwọ̀n mọ́rí, ẹ fọ ọwọ́, olúkúlùkù yín ní tábìlì tirẹ̀, olùkọ́ yín sì ń wo aago. Gàrí yín funfun ju tiwọn lọ, mo ti jẹ ẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó rí mi. Ẹ ń bó gbágùúdá, gbogbo yín, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ló ki nǹkan bọ etí. N kò bá yín wí. Èmi kò ní ẹnu tí mo lè fi bá ẹnikẹ́ni wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọkọ̀ kan wá láti Kutonu. Ìjọba ló rán an. Wọ́n ń wá ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tó gbọ́ Faransé díẹ̀, kí wọ́n kó wọn lọ sí oko ìjọba fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní fọmásíọ̀n: bí a ṣe ń gbin òwú àti àgbàdo ní ìlà gbọọrọ, bí a ṣe ń sá àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nínú àwa mẹ́rin, èmi nìkan ni mo ti jókòó ní ilé ìwé rí. Wọ́n kọ orúkọ mi. Inú mi dùn débi pé n kò ka ọjọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ kí n tó rántí pé ọjọ́ kejì fọmásíọ̀n náà ni ọjọ́ oko Ìdòwú. A ti ṣe tèmi. A ti ṣe ti Bùràímọ̀ àti ti Kòjó. Tirẹ̀ ló kẹ́yìn.

Mo lọ bá a ní Odòmẹ́ta. Ó ń pọ́n ọkọ́ rẹ̀ lára òkúta.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni," mo ní.

"Oko mi ńkọ́?"

"Bí mo bá dé, èmi nìkan á kọ igba tèmi. Mi ò ní í sinmi."

Ó gbójú sókè wo ọ̀run. "Ìwọ gbà pé òjò á dúró dè ọ́?"

"Òjò ṣì pọ̀ lókè."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n ọkọ́. "Ó dáa. Lọ gba ìwé rẹ."

Mo pe ìyẹn ní ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní "ó dáa" láìwo ojú yín, ẹ má lọ.

Fọmásíọ̀n náà dára, n kò ní í purọ́. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì. Wọ́n na okùn kan sílẹ̀, okùn tí wọ́n ta kókó sí lára ní ìwọ̀n ìwọ̀n, wọ́n ní ibi tí kókó bá wà ni kí a máa gbin irúgbìn sí. Mo kọ́ ọ kíákíá. Olùkọ́ náà ní, "Ìwọ, o ní ọwọ́." Bí mo ṣe ń gbá okùn yẹn mú ní ọjọ́ kejì, tí ọwọ́ mi ń kan kókó, n kò rántí okùn mìíràn rárá. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù títí dòní nìyẹn. Ká ní mo rántí, tí mo sì dúró síbẹ̀, ì bá sàn.

Nígbà tí mo fi dé, òjò ti dá. Àwọn mẹ́ta yẹn ṣe ohun tí apá mẹ́ta lè ṣe. Ibi tó yẹ kí èmi kọ ló ṣẹ́ kù, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti le bí òkúta. Mo gbé ọkọ́ sọ ọ́, ọkọ́ ta padà. Ẹ̀bù iṣu tí Ìdòwú ti gé sílẹ̀ fún ibẹ̀ gbẹ sínú agbọ̀n. Ọdún yẹn ló yẹ kí ó gbé iṣu lọ fún àwọn àna rẹ̀. Èyí tó rí gbé lọ kò tó. Bàbá ìyàwó kò bínú o. Ó kàn ní, "Ọmọ mi kì í jẹ ìlérí. Ẹ jẹ́ kí iṣu ta ná." Wọ́n sún ìgbéyàwó sí ọdún kejì. Gbogbo Odòmẹ́ta gbọ́.

Ìdòwú kò bá mi jà. Ó fi kókó tèmi sílẹ̀ lójú okùn rẹ̀, ó so ó kọ́.

Ìwé tí mo gbà di iṣẹ́ fún mi. Wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́, wọ́n rán mi lọ sí ìhà Pobẹ̀ láti máa kọ́ àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún kejì, mo ní kí n wẹ ara mi mọ́. Mo háyà lébìrà mẹ́ta, mo rán wọn sí oko Ìdòwú pé kí wọ́n kọ igba ebè fún un. Ó fún wọn lómi mu, ó bá wọn ṣeré díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ohun tí ó ní kí wọ́n sọ fún mi nìyí: "Ẹ sọ fún un pé apá tirẹ̀ ni mo yá."

Inú bí mi. Mo ní ìgbéraga àgbẹ̀ ni. Ọgbọ́n kékeré tó wà nínú ìwé mi ló ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ní ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó tẹ̀lé e, mo wálé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í dárúkọ ènìyàn, kò sì sí ẹni tí kì í mọ ara rẹ̀. Orin tí ó kọ nìyí:

Ẹni tó sọ ọkọ́ sílẹ̀, tó gbéwèé,
Ìwé kì í hù,
Ìwé kì í ta,
Ẹgbẹ́ ń wa iṣu, ó ń wa tádàwá.

Gbogbo èrò yí ojú sí mi. Ìdòwú nìkan ni kò wò mí. Bó bá wò mí ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe.

Èyí tó kù, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Mo dúró níwájú àwọn àgbẹ̀ láti abúlé dé abúlé, okùn lọ́wọ́ mi, mo ní, "Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í dúró de ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù mójú tó oko rẹ̀." Wọ́n gbọ́. Ẹ̀rọ katakata dé, oògùn tó ń pa koríko dé, iṣu rọra kúrò nílẹ̀ fún gbágùúdá, ẹgbẹ́ túká. N kò ní èmi nìkan ló tú wọn ká. Ìgbà ń yí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sí rédíò, mo wá ń bi àwọn àgbàlagbà pé, "Bàbá, kí ló dé tí àáró fi parẹ́?" Bàbá kan ní ìhà Kpankú dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀yin ará rédíò, ẹ̀ ń bi ẹran pé ta ló jẹ ẹ́." Mo gé ìyẹn kúrò. Mo ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ ọ̀pọ̀ ilé, n kò gbé e wọ ilé Ìdòwú.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la, wọ́n ní. Ó kọ̀la, ó kọjá. Kòjó kú. Bùràímọ̀ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Mẹ̀kọ, wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó sọdá ààlà. Ìyàwó mi lọ. Ọmọ mi kan wà ní Kutonu, ọ̀kan wà ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù. "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." Lẹ́yìn ìyẹn, àwa méjèèjì á máa wá ọ̀rọ̀, títí nẹ́tíwọ́kì á fi ràn wá lọ́wọ́. Mo ń gbálẹ̀ àgbàlá mi fúnra mi. Mo máa ń gbá a lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí mo bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ á gùn jù. Ohun tó ń ṣe mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń kí mi ní "àroko bọ́dún dé" mọ́. Ta ni wọn yóò kí bẹ́ẹ̀? N kò lọ sóko.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà títí Ràlíátù fi béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí mo sì purọ́. Ẹ̀yin kò mọ̀ pé ó tẹ̀lé mi jáde. Ó bá mi lẹ́nu géètì, ó gba àpò mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí n tó béèrè. Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ìdòwú, ní Odòmẹ́ta."

Mo dúró. "Òun ló rán ọ?"

"Rárá o. Wọn ò mọ̀ pé ẹ wá. Okùn kan ló wà lábẹ́ òrùlé wọn. Bí a bá ń gbálẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kàn án, wọ́n á ní, 'Ẹ fi sílẹ̀, onítọ̀hún ń bọ̀.' Nígbà tí a yí òrùlé padà sí páànù, wọ́n ní ká tún un so. Ojú wọn ti fọ́ nísinsìnyí, àmọ́ wọ́n máa ń fọwọ́ wá a. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ ni."

Mo délé, mo wá ọkọ́ mi. Ikán ti jẹ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ tán. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbẹ́ òmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dá zẹ́mì dúró, mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, mo gun ọ̀kadà rẹ̀.

"Bàbá, ibo la ń gbé ọkọ́ lọ?" ọmọkùnrin náà bi mí.

"Mò ń lọ san gbèsè."

"Gbèsè? Pẹ̀lú ọkọ́? Bàbá, ẹ sọ òótọ́, ta lẹ fẹ́ lọ pa?"

Ìdòwú jókòó lórí àpótí níwájú ilé, ó kọjú sí ọ̀nà. Ó ti rù. Mo dúró síwájú rẹ̀, n kò mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun.

"Ìdòwú," mo ní.

Ó yí etí sí mi. Adìyẹ kan kọjá láàárín wa.

"O pẹ́," ó ní.

"Mo pẹ́."

"Òjò ọjọ́ yẹn dá."

"Mo gbọ́."

"Ọ̀kan rọ̀ lánàá. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rọ̀." Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

Ràlíátù jáde láti inú ilé, ó gbé àpótí bàbá àgbà rẹ̀ tẹ̀lé wa. Ìdòwú jókòó sí etí ilẹ̀, ó dẹ etí. Mo bọ́ ẹ̀wù. Ebè àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní èkejì, ara mi rántí nǹkan díẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ohùn ọkọ́ mi, òun nìkan, gbì, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ tó gùn, gbì.

"Ta ló ń gún iyán níbẹ̀ yẹn?" Ìdòwú béèrè.

Mo dá ọwọ́ dúró. Àwa méjèèjì dákẹ́, à ń retí Bùràímọ̀. Ràlíátù ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tí à ń dúró dè. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó yá, mo gbé ọkọ́ mi sókè, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí mo kọ èkeje tán, ìbàdí mi ní ó tó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mélòó?" ó ní.

"Méje."

"Mo kà á. Ìkẹfà kò kún."

"Iṣu á bá mi sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a wà ní ọ̀dọ́, kò sì yí padà, ó ṣì ń ti imú jáde. Ràlíátù gbé omi wá. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́. A pọ̀. Láàárín wákàtí kan, a ó ti kọ èyí tó kù."

"Ṣé apá tiyín ni mo yá?" Ìdòwú bi í.

Ọmọ náà gba ife omi padà lọ́wọ́ mi.

"Lọ sọ okùn yẹn kalẹ̀ wá."

Ó mú un wá. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Kókó náà ti le bí èkùrọ́, èékánná kankan kò lè tú u mọ́. Ìdòwú fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá a títí ó fi kàn án, ó sì fi ọwọ́ sí i níbẹ̀.

"Igba dín méje ló kù," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Má gbé ọkọ́ rẹ lọ. Fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí o wá. Má kọ ju méje lọ lójúmọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo pa ọ́."

"Méje méje, Ìdòwú? Ìgbà wo la máa parí rẹ̀?"

Ó na okùn náà sí Ràlíátù kó lọ so ó padà.

"Ta ló ní ká parí rẹ̀?"

Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Ìdí tí mo fi tètè wá bá yín lónìí nìyẹn. Ràlíátù, o bi mí ní ìbéèrè, mo sì jẹ ọ́ ní èsì. Oko bàbá ìyá rẹ ló kàn. Òun náà ló ṣì kàn. Ó tó, ẹ lè tan ẹ̀rọ yín.